Àpótí Alẹ́ Sátidé

Iná dé lálẹ́ Sátidé tó kọjá nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù. Àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè, "Up NEPA!", ìyàwó mi dìde kíá lọ tan ẹ̀rọ omi, èmi náà gbé ṣájà mi sórí táìlì lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tó jìnnà sí kọ́tìnì àti tìmùtìmù. Bátìrì mẹ́ta ni mo fẹ́ ṣáàjì kí ilẹ̀ tó mọ́. Agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà jẹ́ 2200 mAh. Bí mo bá fi ámúpù 2.2 sí i, á gbà tó wákàtí kan. Wákàtí mẹ́ta nìyẹn, tí wọn kò bá mú iná lọ lójijì. N kì í sùn tí bátìrì bá wà lórí ṣájà, n kì í sì í fi í sílẹ̀ lọ ibì kankan. Bàámi náà kì í tètè sùn mọ́ láti ìgbà tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, mo jókòó sílẹ̀, mo fa àpótí mi mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

Àpótí yìí ló máa ń tẹ̀ lé mi lọ sí pápá láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, níbi tí mo ti ń gbé bàlúù kékeré fò, irú èyí tí èèyàn ń dúró sílẹ̀ fi rìmóòtù darí. Káfíńtà àdúgbò wa ló bá mi kàn án. Mo ní kó ṣe é bíi ti àwọn tó ń tún bàtà kiri: kí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí igi ìdìmú gba àárín kọjá, kí ìhà méjèèjì ní yàrá kéékèèké. Pílíwúùdù ni, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan àti díẹ̀. Mo ti rí àwọn àpótí oníke aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà, àmọ́ mo fẹ́ràn eléyìí torí pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo ń rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí èèyàn kò bá rí, ó máa ń rò pé ó wà níbẹ̀ ni.

Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé. Nílùú wa, tí àwọ̀n bá ya, ẹ óò rí òwú rà kí ẹ tó rìn jìnnà. Tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bá kọṣẹ́, mẹkáníìkì wà létí ọ̀sà. Àmọ́ tí sukurúù mílímítà 3 tó de ìyẹ́ bàlúù mọ́ra bá já bọ́ sínú koríko, ọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn, àfi tí òmíràn bá wà nínú àpótí. Pápá tí mò ń lò wà lójú ọ̀nà Ìtóìkín, Márúwá ló ń gbé mi lọ, kò sì sí ẹni tó máa padà sílé lọ mú sukurúù wá kí atẹ́gùn tó dìde.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí eré yìí máa ń bi mí pé kí ni kí àwọn kó sínú àpótí. Mo máa ń rí i pé gọ́ọ̀mù ló wà lọ́kàn wọn, púláyà, téèpù, ohun tí èèyàn fi ń so ohun tó ti já. Ìdáhùn mi yàtọ̀. Ohun tí ẹ fi ń yẹ bàlúù wò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ààyè fún, kó wà lókè, kó jẹ́ òun lọwọ́ yín máa kọ́kọ́ bà. Ohun àtúnṣe lè wà nísàlẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe é. Nínú gbogbo bàlúù tí mo ti fọ́, mi ò rí ọ̀kan tó fọ́ nítorí pé mi ò ní púláyà lọ́wọ́.

Ohun tó wà lókè pátápátá nínú àpótí tèmi ni èyí tí mo fi ń wọn agbára bátìrì, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ó ní ojú kékeré kan tí nọ́ńbà ń yọ lórí rẹ̀, irin wẹ́wẹ́ sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Tí mo bá ki ẹnu wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ara bátìrì bọ̀ ọ́, á ké fíìn, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́: gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ 12.6, sẹ́ẹ̀lì kìíní 4.2, ìkejì 4.2, ìkẹta 4.2. Bátìrì lipo oní-sẹ́ẹ̀lì-mẹ́ta ni mò ń lò, ìyẹn bátìrì lithium fífúyẹ́ tí bátìrì kéékèèké mẹ́ta para pọ̀ sínú rẹ̀; fóòtì 4.2 ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan máa ń dé tó bá kún. N kì í jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 3.5 kí n tó sọ bàlúù kalẹ̀, torí pé tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 3, inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́ nìyẹn, kò sì ní bọ̀ sípò mọ́. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ kọ́ ni mò ń wò. Àpapọ̀ máa ń tan èèyàn. Ẹ lè rí 12.3, kí ẹ sọ pé kò burú, kó wá jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì méjì wà ní 4.2, ìkẹta sì ti jókòó sí 3.9. Ẹnìkẹta yẹn ló máa kọ́kọ́ rẹ̀ lókè, nígbà tí bàlúù bá wà lórí igi àgbọn ní ìkángun pápá, tí ẹ sì nílò agbára jù lọ láti gbé e yípo. Bátìrì tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá jìnnà síra báyẹn, inú àpótí ló máa wà títí tí a ó fi padà sílé.

Ohun àyẹ̀wò kejì kò ní nọ́ńbà kankan. Káàdì ni, mo fi bírò kọ gbogbo ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò kí bàlúù tó gbéra sí i, mo fi sẹ́lótéèpù bò ó, mo fi okùn so ó mọ́ ìdìmú àpótí. Bí káàdì yẹn ṣe dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà ọyẹ́ ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ní bàlúù kan tí mo fi balsa, igi kan tó fúyẹ́ gan-an, kàn fúnra mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kàn án. Servo kan ṣoṣo, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń gba àṣẹ rìmóòtù, ló wà láàárín ìyẹ́, tó ń darí etí ìyẹ́ méjèèjì, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn ìyẹ́, tó ń gbéra sókè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ kí bàlúù lè fẹ̀gbẹ́ sí ọ̀tún tàbí òsì. Servo náà kú lọ́jọ́ Furaidé. Mo ní òmíràn nílé, láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, mo sì fi rọ́pò rẹ̀ lálẹ́ Sátidé. Ó wọlé dáadáa, sukurúù rẹ̀ le, wáyà rẹ̀ dúró. Mo ti ọ̀pá rìmóòtù, etí ìyẹ́ ń mira, inú mi dùn, mo lọ sùn.

Ohun tí mi ò wò ni ibi tó ń mira sí. Servo tuntun yẹn ń yí sí òdìkejì ti tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo ju bàlúù sókè, ó gbéra bí ẹyẹ, atẹ́gùn díẹ̀ wá tì í sí apá òsì. Mo ti ọ̀pá rìmóòtù sí ọ̀tún kí n lè gbé e dúró. Ó túbọ̀ fẹ̀gbẹ́ sí òsì. Mo tì í sí ọ̀tún sí i, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni á ti ṣe, òsì náà ló ń lọ. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Mo gbọ́ ìró balsa tó ń fọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí mọ̀ ọ́n, ó dà bí ìgbà tí èèyàn tẹ páálí ẹyin mọ́lẹ̀. Àpótí mi wà lẹ́sẹ̀ mi. Gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, púláyà wà, sukuruduráfà oríṣi mẹ́rin wà, fáànù iwájú mẹ́ta wà. Ohun gbogbo wà níbẹ̀ àfi ìṣẹ́jú kan tó yẹ kí n fi dúró lẹ́yìn bàlúù, kí n ti ọ̀pá sí ọ̀tún, kí n wò ó bóyá etí ọ̀tún ló gòkè tí tòsì sì sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí mo kó àfọ́kù dé ilé, Bàámi bi mí ní ìbéèrè kan péré: "O ò fọwọ́ tọ́ ọ lálẹ́ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàámi. Apẹja ni wọ́n lórí ọ̀sà kí ojú tó kọ̀ wọ́n. Àpò kan wà tí wọ́n máa ń gbé sínú ọkọ̀: abẹ́rẹ́ àwọ̀n tí wọ́n fi ọparun gbẹ́, òwú tí wọ́n ká mọ́ igi, ọ̀bẹ, léfòó mélòó kan, òjé àwọ̀n tí wọ́n dì sínú aṣọ. Gbogbo rẹ̀ kò kún ọwọ́ méjì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í sáábà ṣí àpò yẹn lórí omi. Ilé ni iṣẹ́ ti máa ń parí. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jáde, wọ́n á na àwọ̀n láti orí òpó dé orí òpó, wọ́n á máa fi ìka gba inú rẹ̀ kọjá, ojú kan tẹ̀ lé ojú kan, láìtan fìtílà. Ibi tó bá ya, ìka wọn á dúró. "Omi ò ní ṣọ́ọ̀bù," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì di ojú ibẹ̀ kí wọ́n tó máa bá a lọ. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láìmọye ìgbà kó tó di ọjọ́ tí balsa mi fọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ káàdì.

Láti inú àpò Bàámi yẹn náà ni ohun kẹta ti wá: òjé.

Bàlúù kékeré kì í fò dáadáa tí kò bá dọ́gba. Ìyẹ́ tèmi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó yẹ kó ti dúró lórí ìka méjì láìtẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 láti etí iwájú. Mo ti fi bírò sàmì sí i lábẹ́ ìyẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Mo máa ń fi orí ìka ìlábẹ̀ méjèèjì gbé e níbẹ̀, pẹ̀lú bátìrì nínú rẹ̀, kí n dá èémí dúró, kí n wò ó. Tí imú bá fi díẹ̀ wúwo, bàlúù á lọ́ra, àmọ́ á gbọ́ràn. Tó bá jẹ́ ìdí ló wúwo, kò sẹ́ni tó lè bá a wí: á kàn gbé imú sókè, á dúró lójú òfuurufú, á já bọ́. Ohun tó sì ń mú kí ìdí wúwo kò ṣòro rí. Ẹ ti lẹ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gọ́ọ̀mù ti pọ̀ níbẹ̀. Ìdí jìnnà sí àárín ju imú lọ, nítorí náà gíráàmù kan níbẹ̀ máa ń fẹ́ tó gíráàmù méjì tàbí mẹ́ta ní iwájú kó tó dọ́gba. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ̀ ọ́n: ọmọdé tó jókòó sí ìpẹ̀kun ìdí ọkọ̀ lè gbé imú ọkọ̀ sókè ju àgbàlagbà tó jókòó sítòsí àárín lọ.

Òjé àwọ̀n ni mo fi ń tún un ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe róbótó, ihò gba àárín rẹ̀ kọjá, ó rọ̀ débi pé púláyà ń gé e. Mo máa ń gé e sí mẹ́rin, kí n fi téèpù lẹ ìdá kan mọ́ inú imú, kí n gbé bàlúù lé ìka, kí n tún lẹ òmíràn títí tó fi máa dúró gbọnrangandan. Mo máa ń fọ ọwọ́ mi lẹ́yìn rẹ̀, n kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án, torí pé májèlé ni òjé tó bá wọnú ara.

Ohun yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kọ́kọ́rọ́ álẹ́ǹ mílímítà 1.5, 2 àti 2.5. Sukuruduráfà olórí àgbélébùú, kékeré kan, ńlá kan. Sípánà tó bá nọ́ọ̀tì fáànù iwájú mu, kì í ṣe èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Fáànù mẹ́ta tí mo ti yẹ̀ wò nílé: mo máa ń ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín rẹ̀, apá tó bá ń lọ sísàlẹ̀ ló wúwo, màá fi sáńpépà ha ẹ̀yìn rẹ̀ títí tí kò fi ní lọ síbì kankan mọ́. Fáànù tí kò dọ́gba máa ń gbọn gbogbo bàlúù jìgìjìgì, sukurúù á sì máa tú díẹ̀díẹ̀ láìsẹ́ni tó mọ̀. Téèpù. Rọ́bà. Ike oògùn tó ṣófo, tí sukurúù kún inú rẹ̀.

Ti gọ́ọ̀mù nìkan ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó sunkún lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ wa máa ń fi fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣàn kan bàlúù wọn, ohun tó dáa ni, ó fúyẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ má fi súpà-gúlù kàn án. Á jẹ ẹ́ bí iná ṣe ń jẹ ọ̀rá, ihò á sì wà níbi tí ẹ fẹ́ lẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ni kí ẹ lò nílé, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá di dandan lórí pápá, gọ́ọ̀mù oní-méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, èyí táwọn èèyàn ń pè ní four minutes, kì í jẹ fóòmù. Súpà-gúlù dáa fún balsa, ìdí nìyẹn tí ìgò kékeré kan ṣe wà nínú àpótí mi. Mo kọ BALSA sí ara rẹ̀ gàdàgbà.

Àwọn nǹkan kan wà tí mo ti yọ kúrò. Mo máa ń gbé irin ìjólédì tó ń lo gáàsì, èyí tí a fi ń so wáyà pọ̀, dání tẹ́lẹ̀. Títún fóònù ṣe niṣẹ́ mi, irin ìjólédì ti mọ́ mi lọ́wọ́, inú mi sì máa ń dùn láti fi hàn pé mo lè jó wáyà pọ̀ lórí koríko. Mo ti gbé e kúrò. Tí nǹkan bá ti bàjẹ́ débi pé ó nílò ìjólédì, bàlúù yẹn kò gbọdọ̀ fò mọ́ lọ́jọ́ náà. Atẹ́gùn ń dìde, àwọn èèyàn ń wò ó, oòrùn ń mú, ọkàn èèyàn ti wà lókè ṣáájú bàlúù: ojú tó ń kánjú kì í rí wáyà tó ti ya. Òfin tèmi ni pé iṣẹ́ tó bá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ilé ni mo ti ń ṣe é. Mo fi ààyè irin ìjólédì ṣe ààyè agolo mílíìkì ńlá tí mo rọ yanrìn etí ọ̀sà sí. Bátìrì lipo tó bá forí gbálẹ̀ lè wú, ó lè gbaná lẹ́yìn ìgbà tí ẹ ti rò pé ó ti tán. Tí bàlúù bá já bọ́, màá yọ bátìrì rẹ̀, màá gbé e sórí ilẹ̀ gbalasa jìnnà sí koríko gbígbẹ, màá máa wò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Yanrìn wà nítòsí láti dà bò ó. N kì í gbé bátìrì sínú oòrùn, n kì í sì í fi í sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀.

Òwú, bándéèjì àti omi mímọ́ wà níbẹ̀ náà, torí pé fáànù iwájú lè gé ìka bí ọ̀bẹ. Fọ́tò-kọ́pì ìwé sì wà nínú ọ̀rá: lẹ́tà ilé ìwé tó ni pápá àti ti àṣẹ. Ní orílẹ̀-èdè wa, ọ̀rọ̀ ohun tó bá ń fò láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀ kan NCAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ó sì kan ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Ẹni tó rí i lókè kò ní dúró bèèrè bóyá dúróònù ni tàbí bàlúù ìdárayá. Ó yẹ kí ìwé wà lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

A dé pápá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé alẹ́ tí iná dé yẹn kí aago méje tó lù. Aago méje sí mẹ́sàn-án ló dáa jù níhìn-ín; lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ á gbóná, atẹ́gùn ọ̀sà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo ri ìgbálẹ̀ kan mọ́lẹ̀, mo so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí rẹ̀. Aṣọ náà kò mì. Ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọ ọdún 12, ló máa ń tẹ̀ lé mi, òun ló sì ń ka káàdì. Mo ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ ka èyí tó tẹ̀ lé e títí tí ojú rẹ̀ fi máa rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà.

"Rìmóòtù kọ́kọ́," ó kà. Mo tan rìmóòtù, mo fa ọ̀pá agbára wálẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn náà ni mo so bátìrì. Ó ka ti jíjìnnà: mo tẹ bọ́tìnì tó ń dín agbára rìmóòtù kù, mo rin ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sẹ́yìn, ó dúró ti bàlúù, ó ń pariwo bí etí ìyẹ́ ṣe ń mira. Mo padà. Ó dúró sẹ́yìn ìdí bàlúù gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọ. "Ọ̀tún." Mo tì í sí ọ̀tún. "Etí ọ̀tún gòkè, bùrọ̀dá. Tòsì sọ̀ kalẹ̀." Ó fi ìka tọ́ ìyẹ́ wò níbi tó ti so mọ́ ara, ìka rẹ̀ sì dúró.

"Bùrọ̀dá, ẹ dúró. Sukurúù kan ló wà níbí."

Méjì ló yẹ kó wà. Mo ti de ìyẹ́ náà nínú òkùnkùn, nítorí kí Márúwá má baà dá mi sílẹ̀, mo sì gbàgbé ìkejì. Bàlúù náà ì bá fò. Ì bá fò dáadáa títí di ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá fà á sókè lójijì, nígbà tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ bá dé sórí sukurúù ẹyọ kan. Ọmọ náà ti ṣí ike oògùn kí n tó sọ̀rọ̀, ó sì mú u jáde, mílímítà 3, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. A fò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà, bátìrì kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìgbà kẹta, mo jẹ́ kó di ọ̀pá mú nígbà tí bàlúù ti wà lókè dáadáa, ọwọ́ mi wà lórí tirẹ̀, a sì yí i po lẹ́ẹ̀mejì lórí àwọn àgbọn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tú àpótí. Mo gbé bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sórí ṣájà kí sẹ́ẹ̀lì wọn lè wà ní 3.8, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti lè sùn láìbàjẹ́ di Sátidé mìíràn. Mo fi sukurúù tuntun kan sínú ike oògùn dípò èyí tí a lò. Bàámi na ọwọ́, wọ́n ní kí n gbé àpótí náà wá. Wọ́n fi ìka gba inú yàrá rẹ̀ kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, sípánà, fáànù, ike, agolo yanrìn, títí ọwọ́ wọn fi dé aṣọ tí mo di òjé sí.

"Mélòó ló kù?"

Mo tú u, mo kà á. Márùn-ún ni. Wọ́n ní kí n lọ mú àwọ̀n àtijọ́ tó wà lórí àjà wá, kí n sì mú ọ̀bẹ dání.